Ta Ló Lè Dé Iwájú Adájọ́ ní Accra?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, nígbà tí òmìnira Gánà kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ìjọba Kwame Nkrumah pàṣẹ pé kí Amadu Baba, olórí Zongo, àdúgbò àwọn àjèjì, ní Kumasi, àti Alhaji Othman Larden Lalemi kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Wọ́n ní àlejò ni wọ́n. Àwọn méjèèjì gba kóòtù lọ, wọ́n ní Gánà ni wọ́n bí àwọn sí, kí adájọ́ gbọ́ tẹnu àwọn. Kí ẹjọ́ náà tó parí, ilé aṣòfin jókòó ní Accra, wọ́n ṣe òfin kan tí orúkọ àwọn ọkùnrin méjèèjì hàn nínú àkọlé rẹ̀, òfin náà sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n kó wọn sínú bàálù, ó di Kano.

Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ tí a bá ń wádìí bí ará ìlú ṣe lè rí ìdájọ́ gbà ní Gánà. Kóòtù wà nígbà náà, adájọ́ wà, lọ́yà wà. Àwọn tí wọ́n lé kì í ṣe ẹni tí kò mọ ọ̀nà tàbí tí kò lówó. Ìjọba ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn nígbà tí wọ́n ti fẹsẹ̀ kan wọlé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin Preventive Detention Act jáde, ó sì fún ìjọba lágbára láti ti ènìyàn mọ́lé fún ọdún márùn-ún láìgbé e dé iwájú adájọ́. Baffour Osei Akoto, àgbà nínú àwọn agbẹnusọ Asantehene, ọba Asante, àti àwọn méje mìíràn lọ fi ọ̀rọ̀ náà sùn nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ. J. B. Danquah ló gba ẹjọ́ wọn rò. Ní 1961, àwọn adájọ́ ní ìlérí ẹ̀tọ́ tí ààrẹ ṣe fún ará ìlú nígbà tó ń gorí oyè kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè tìtorí rẹ̀ pè é lẹ́jọ́. Danquah fúnra rẹ̀ wọ àtìmọ́lé lẹ́yìn náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n Nsawam ló sì kú sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ọdún 1965.

Àwa Yorùbá ní ìpín tiwa nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò tí wọ́n ti ń ná ọjà Accra, Kumasi àti Tamale láti ìgbà àwọn òyìnbó fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n fi ilé tí wọ́n kọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ ìlú mìíràn ju Gánà lọ wà láàárín wọn. Ta ni yóò pe ìjọba lẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Ẹni tó ń wá ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ kọjá ẹnubodè Aflao kò ráyè wá lọ́yà.

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún ológun. Ó tó ká rántí òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1982, tí wọ́n wá jí adájọ́ mẹ́ta gbé nílé wọn ní Accra pẹ̀lú ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì pa gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Cecilia Koranteng-Addow, ṣì ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́.

Ìwé òfin 1992 ni wọ́n kọ láti fi wẹ gbogbo èyí nù, ó sì dára láti kà. Ìpín 125 sọ pé ọwọ́ ará ìlú ni ìdájọ́ ti wá. Ìpín 14 sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Ìpín 294 sọ̀rọ̀ nípa ìrànwọ́ lọ́yà fún ẹni tí kò lágbára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin Legal Aid Scheme ti 1997 dé, tó ní kí ẹni tí owó tó ń gbà kò ju iye tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lọ rí lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀sùn ọ̀daràn, àti fún àwọn ẹjọ́ bíi ti onílé àti ayálégbé, ogún pínpín àti owó ìtọ́jú ọmọ. Ní 2018, òfin tuntun, Act 977, sọ àjọ náà di Legal Aid Commission. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé lọ́yà tí àjọ náà ní kò tó nǹkan, lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í sì í fẹ́ gba iye tí ìjọba ń san. Ẹ̀tọ́ náà wà nínú ìwé, ẹni tí yóò bá ọ gbé e dé kóòtù ni kò sí.

Àlàfo yìí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní yunifásítì Gánà tó wà ní Legon kó sí. Lójú tèmi, iṣẹ́ wọn kọ́ni lọ́gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tó wà nínú ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Raymond Atuguba. Ó gboyè dókítà ní Harvard, ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2010 láti yẹ ìwé òfin Gánà wò, ó bá Ààrẹ John Mahama ṣiṣẹ́ ní ààfin, ó sì di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Legon. Ẹni tó bá ń to oyè lè dúró síbẹ̀. Èmi wo iṣẹ́ Legal Resources Centre tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Nima àti Mamobi. Mahama Ayariga, tó di aṣòfin lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Àárín Accra gan-an ni Nima wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín á rí i pé Hausa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹjọ́ lọ. Kotokoli, Dagomba, Fulani, Yorùbá, gbogbo wọn ló há mọ́ra. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, àwọn olóyè Zongo, ìmáàmù tàbí àgbà agboolé ni wọ́n ń tọ̀ lọ. Tí ọlọ́pàá bá wọ ọ̀rọ̀ náà, owó béèlì ni wọ́n ń dá jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni sanwó béèlì fún ọlọ́pàá.

Ẹjọ́ tó sọ ilé iṣẹ́ Nima yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká kò ní ọ̀daràn kankan nínú. Ìgbà tí wọ́n ń pè ní "cash and carry" ni, tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà kí dókítà tó fọwọ́ kan aláìsàn. Òfin wà tó ní kí tálákà paraku má san nǹkan kan, àmọ́ tálákà kò gbọ́ pé òfin bẹ́ẹ̀ wà, ẹni tó sì gbọ́ kò sọ fún un. Ilé ìwòsàn kan wá dá ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti yá, wọn ò jẹ́ kó relé torí gbèsè. Àwọn amòfin Nima gba kóòtù lọ. Wọ́n ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, a kì í sì í de ènìyàn mọ́lẹ̀ torí pé kò lówó. Ọkùnrin náà bọ́. Lucie White, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní Harvard, bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, ìtàn náà sì wà nínú *Stones of Hope*, ìwé tí òun àti Jeremy Perelman ṣe olóòtú rẹ̀ ní 2011. Òfin ìṣètò ìlera tuntun, Act 650, jáde ní 2003 láti rọ́pò cash and carry. Ẹjọ́ kan ṣoṣo kọ́ ló bí òfin yẹn, ìṣèlú ìdìbò ọdún 2000 wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹjọ́ náà gbé ìyà tí gbogbo ènìyàn ti fi ṣe àṣà wá síwájú adájọ́, ó sì di ohun tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àwọn yìí kò jókòó sí Legon kí tálákà wá bá wọn, àwọn ni wọ́n tọ tálákà lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó bá ti bá wọn rìn dé Nima mọ̀ pé béèyàn bá ń dúró de oníbàárà tí yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, olówó nìkan ni yóò máa rí. Àléébù iṣẹ́ náà kò fara sin: owó òkè òkun ni irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbára lé, ohun tí owó òkè òkun bá sì gbé dúró lè wó nígbà tí olówó bá yí ojú sí ibòmíràn.

Ṣáájú Atuguba, Akua Kuenyehia ti gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà kọ́ni ní òfin ní Legon, kí wọ́n tó yàn án ní 2003 sí kóòtù àgbáyé fún ìwà ọ̀daràn tó wà ní The Hague. Ìwádìí lórí obìnrin àti òfin ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni iṣẹ́ rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, tó fi wọ Nàìjíríà náà. Tọ́kọ bá kú ní ilẹ̀ Akan láyé àtijọ́, ìdílé ìyá ọkọ ló ń jogún. Ìyàwó àti ọmọ lè bá ara wọn níta. Òfin PNDCL 111 ti 1985 yí i padà: ilé àti ẹrù inú ilé di ti opó àtàwọn ọmọ, wọ́n sì pín ìyókù sí ìdá sí ìdá láàárín opó, ọmọ, òbí àti ìdílé. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n opó tí wọ́n ti lé jáde ní ọjọ́ ogójì kò ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi tí ẹnì kan bá kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ fún un. Ìdí nìyẹn tí ilé ìrànwọ́ òfin tí àwọn obìnrin amòfin, FIDA, ṣí ní Accra ní 1985 kan náà fi ṣe pàtàkì tó òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀.

Ní ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ènìyàn tí kò tó 1,000 ni wọ́n kọ́ Nsawam fún. Àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ti ju 3,000 lọ láti ọdún pípẹ́. Lára wọn làwọn tí adájọ́ kankan kò tíì dá lẹ́bi, tí ìwé àṣẹ ìdádúró wọn ti parí tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Nígbà tí Georgina Theodora Wood di Adájọ́ Àgbà ní 2007, obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sí ipò náà, ètò Justice for All bẹ̀rẹ̀: adájọ́ ń lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń pe orúkọ, wọ́n ń yẹ ìwé wò, wọ́n ń tú àwọn kan sílẹ̀, wọ́n ń fún àwọn mìíràn ní béèlì. POS Foundation ló ń ṣètò àwọn tí yóò fara hàn. Àjọ mìíràn, Crime Check Foundation, ń san owó ìtanràn fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n torí owó tí kò tó nǹkan. Mo yìn wọ́n. Síbẹ̀, ìtìjú ni fún ìjọba pé aláàánú ló ń fi àpò ara rẹ̀ ra òmìnira ènìyàn.

Ohun tó tú ìdè náà jù ni ẹjọ́ agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Martin Kpebu. Òfin ọdún 1960 ti sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn, olè ìbọn, ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀ kàn ní béèlì rárá. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ fìyà jẹ ènìyàn kàn nílò láti kọ "olè ìbọn" síwájú orúkọ rẹ̀ ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fagi lé ìpín yẹn. Ní 2019, wọ́n tún sọ pé wákàtí 48 kò yọ òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ọjọ́ Jímọ̀ kò yẹ kó dúró di ọjọ́ Ajé nítorí pé adájọ́ lọ sinmi.

Ta wá ni yóò lọ sọ èyí fún ọlọ́pàá? Lọ́yà ni, èyí ló sì mú wa dé Makola, níbi tí Ghana School of Law, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958, wà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ẹni tó fẹ́ di lọ́yà ní Gánà ti ń gbà kọjá fún ìgbà pípẹ́, bó ti wù kí yunifásítì tó ń kọ́ni lófin pọ̀ tó. Stephen Kwaku Asare, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣírò owó ní Florida tó tún kàwé lófin, gbé ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ náà lọ sí kóòtù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ gbà fún un pé ìdánwò ìwọlé àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ń ṣe kò sí nínú òfin. Kí ni wọ́n ṣe? Ní 2018, wọ́n ṣe ìlànà tuntun tó fi ìdánwò náà sínú òfin. Lọ́dún 2019, ènìyàn 1,820 ṣe é, 128 ló yege. Ní oṣù kẹwàá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sígboro Accra, ọlọ́pàá sì da tajútajú sí wọn lójú. Ní 2021, 790 ló wọlé nínú 2,824, àwọn 499 mìíràn sì pariwo pé àwọn gba máàkì tí wọ́n kéde tẹ́lẹ̀ pé yóò tó, pé wọ́n yí òdiwọ̀n padà lẹ́yìn ìdánwò.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yìí ní àwíjàre: wọ́n ní lọ́yà tí kò mọṣẹ́ a máa ba ayé oníbàárà jẹ́. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàwé ọdún mẹ́rin, tó sì yege ní yunifásítì, kò ṣeé pè ní òpè lẹ́yìn ìdánwò ọjọ́ kan. Àìtó lọ́yà ló sì ń mú kí èyí tó wà wọ́n ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Kí n tún sọ ẹ̀gbẹ́ kejì: lọ́yà púpọ̀ nìkan kò tó. Nàìjíríà ní lọ́yà lọ jàra, síbẹ̀ àwọn tí wọn kò tíì dájọ́ fún ló ju ìdajì lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa.

Àwọn kan wá ní kí a fi kóòtù sílẹ̀ pátá. Gánà ṣe òfin ìlàjà ní 2010, Act 798, tó gba ìdájọ́ àgbà ìlú lábẹ́ àṣà wọlé, ìlàjà sì ti wọ inú kóòtù fúnra wọn. Yorùbá kò ní jiyàn, nítorí àwa la sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìlàjà yá ju ẹjọ́ ilẹ̀ tí ń fi ogún ọdún rìn ní Accra lọ, kò sì gbówó lérí tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti ń fòyà ni tí agbára àwọn méjèèjì kò bá dọ́gba. Ìyàwó tí ọkọ ń lù, ayálégbé tí onílé ti já òrùlé rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún: bí a bá ní kí wọ́n "gbà fún ara wọn", ẹni tó ti ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún gbà. Ìlàjà dára fún ẹni tó lè sọ pé rárá.

Èkó ti dán ohun tí Accra ń wá wò. Nígbà tí Yemi Osinbajo, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ní yunifásítì Èkó, di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní 1999, ó dá ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò ará ìlú sílẹ̀, ó sì ṣí ilé ìlàjà fún mẹ̀kúnnù, lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ìpínlẹ̀ ló ń gbé wọn ró, kì í ṣe owó olùrànlọ́wọ́ òkè òkun, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi wà títí lẹ́yìn tó kúrò nípò. Sierra Leone gba ọ̀nà tó tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun ti lé lọ́yà wọn lọ, wọ́n wá kọ́ àwọn ará abúlé tí kì í ṣe lọ́yà ní òfin tó tó láti tọ ọlọ́pàá àti olóyè lọ, òfin ìrànwọ́ tí wọ́n ṣe ní 2012 sì fi àwọn wọ̀nyẹn sí ipò tí ìjọba mọ̀. Malawi ń rán irú wọn lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọ̀nà yìí ló kù tí Gánà kò tíì gbà tọkàntọkàn, lójú mi òun ló sì lè tètè so èso jù: kí àgọ́ ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan ní Accra ní ẹnì kan tó gbọ́ Twi, Ga tàbí Hausa, tó mọ Ìpín 14 lórí, tí ìjọba ń sanwó fún.

Ìwà ìbàjẹ́ inú kóòtù náà kò ṣeé fò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, Anas Aremeyaw Anas, akọ̀ròyìn tó tún jẹ́ amòfin, gbé fíìmù jáde tó fi adájọ́ 34 hàn, méjìlá nínú wọn láti ilé ẹjọ́ gíga. Wọ́n ń gba owó, òmíràn ń gba ewúrẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pàdánù iṣẹ́. Ní 2019 wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà sí ilé ẹjọ́ ńlá tuntun tí kò jìnnà sí ibi tí wọ́n sin Nkrumah sí, kí fáìlì má baà máa sọnù mọ́. Kọ̀ǹpútà náà wúlò, nítorí fáìlì tó sọnù kì í sábà sọnù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù fún àwọn Yorùbá tó wà ní Accra lónìí. Òfin Act 865 ti 2013 béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjèjì tó bá fẹ́ tajà, òun ni wọ́n sì ń nà sí wa lójú nígbà tí wọ́n ń ti ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pa ní Circle. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà bíi ti 1969, tí ẹnikẹ́ni kò ráyè lọ sí kóòtù. Tí wọ́n bá ti ìsọ̀ yín, ẹ béèrè àṣẹ tí wọ́n fi tì í, kí ẹ sì gba ẹ̀dà. Tí wọ́n bá mú ènìyàn yín, ẹ kọ wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀, kí ẹ ka 48, Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Ẹ má sanwó béèlì fún ọlọ́pàá. Ẹ tọ Legal Aid Commission lọ, tàbí FIDA tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọ. Bí ilé ẹjọ́ Gánà kò bá gbọ́, kóòtù ECOWAS ní Abuja ti ń gba ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti 2005, kò sì pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ parí gbogbo kóòtù ìlú kí ẹ tó lọ síbẹ̀.